Ojú ni Ọ̀rọ̀ Wà: Ẹ̀kọ́ Inú Sinimá Kan

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹni tí ó bá gba ojú pópó tí ó ti Òṣòdì lọ sí Àpápá kọjá ní Ìsọlọ̀ yóò rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n ń ya sí ọjà Aswani. Ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ni ó fún àdúgbò náà ní orúkọ, ṣùgbọ́n aṣọ òkìrìkà ni ó sọ ọjà náà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Bí àwọn oníṣòwò bá ti tú ìdì aṣọ sílẹ̀, àwọn oníbàárà a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọn a sì máa ṣà á. Ẹni tí ó bá mọ ọjà náà dáadáa kì í wo iwájú aṣọ nìkan. Yóò mú un, yóò yí inú rẹ̀ síta, yóò wo abíyá rẹ̀ bóyá òógùn ti jẹ ẹ́, yóò fa ojú rírán rẹ̀ wò bóyá ó ti gbó, yóò sì gbé e sókè kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn lè fi ihò tí kòkòrò dá sí i hàn. Bí ẹni tí ó ń tà á bá ń kánjú, tí ó ń bèèrè bóyá yóò rà á tàbí kò ní í rà á, oníbàárà yìí kò ní í dá a lóhùn títí yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò tán. Gbogbo ìwádìí yìí, lórí aṣọ tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ni.

Ohun ìyanu ni pé ọ̀dọ́ kan náà tí ó lo ọgbọ́n báyìí lórí ṣẹ́ẹ̀tì kan lè padà dé ilé ní alẹ́, kí ó mú fóònù rẹ̀, kí ó sì tú gbogbo inú rẹ̀ fún ẹni tí kò fi ojú kàn rí. Àwòrán kékeré kan àti orúkọ kan ni ó mọ̀ nípa ẹni náà. Kò yí inú rẹ̀ síta wò, kò sì sí bí ó ti ṣe lè yí i. Ọ̀ràn yìí ni ó wà nínú sinimá kan tí a ń pè ní Searching, èyí tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ ilé-ìwé àti òbí wọn wò pọ̀ ní ìjókòó kan.

Aneesh Chaganty ni ó darí sinimá náà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018 ni a kọ́kọ́ fi í hàn, ní àjọ̀dún sinimá Sundance ní Amẹ́ríkà. Bí a ti ṣe é ṣàjèjì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, olùwòran kò rí ohunkóhun bí kò ṣe ohun tí ó hàn lójú kọ̀ǹpútà, lójú fóònù, tàbí lójú ẹ̀rọ ayàwòrán: ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ tí a sì pa rẹ́, àwòrán àtijọ́, ìpè tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Ẹni tí kò tíì wò ó lè rò pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ yóò sú òun. Kì í súni rárá. Nígbà tí bàbá inú ìtàn náà bá tẹ ọ̀rọ̀ kan sí ọmọ rẹ̀ nípa ìyá rẹ̀ tí ó ti kú, tí ó dúró, tí ó sì tún pa á rẹ́ kí ó tó fi ìyókù ránṣẹ́, ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ hàn sí olùwòran ju bí ẹni pé ó sunkún lọ.

Orúkọ bàbá náà ni David Kim, ará ìlú San Jose ní ìpínlẹ̀ California. Àìsàn jẹjẹrẹ ti pa ìyàwó rẹ̀, ó sì ku òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, Margot, ọmọ ọdún 16. Wọn kì í bá ara wọn jà. Ṣùgbọ́n wọn kì í sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó kú. Olúkúlùkù ń dá gbé ìbànújẹ́ tirẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan Margot lọ kàwé pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì sùn. Ní òru, ọmọ náà pè é lẹ́ẹ̀mẹta, oorun kò jẹ́ kí ó gbọ́. Ilẹ̀ mọ́, ọmọ kò sí nílé, kò sì sí ní ilé-ìwé.

Láti ìgbà náà ni ojú David ti bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ó pe olùkọ́ tí ó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní dùùrù, a sì sọ fún un pé ó ti tó oṣù mẹ́fà tí Margot ti wá gbẹ̀yìn. Owó tí òun ń fún un fún ẹ̀kọ́ náà ti di dọ́là 2,500 lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnì kan tí a kò mọ̀. David ṣí kọ̀ǹpútà ọmọ náà, ó wá ọ̀nà wọ inú Facebook rẹ̀, ó sì ń pe àwọn tí a kọ orúkọ wọn síbẹ̀ ní ọ̀rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rẹ́ lórúkọ lásán ni wọ́n. Ọmọ tí bàbá rò pé ó ní ẹgbẹ́ púpọ̀ jẹ́ ẹni tí ó ń dá jẹun ọ̀sán. Bí ẹnikẹ́ni bá ti bi David léèrè ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú bóyá ó mọ ọmọ rẹ̀, ìbá bínú sí onítọ̀hún.

Ẹnì kan ṣoṣo ni ó wà tí ó ń gbọ́ ti Margot nígbà gbogbo, lórí ìkànnì kan tí ó ti máa ń jókòó sọ̀rọ̀ níwájú ẹ̀rọ ayàwòrán. Ẹni náà pe ara rẹ̀ ní fish_n_chips. Ó ní ọmọbìnrin ni òun, pé Hannah ni orúkọ òun, pé ilé oúnjẹ ni òun ti ń ṣiṣẹ́, àti pé àìsàn jẹjẹrẹ ń ṣe ìyá òun. Ẹ wo ẹnu ọ̀nà tí irọ́ náà gbà wọlé. Ọmọ tí jẹjẹrẹ gba ìyá lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́ pé jẹjẹrẹ tún fẹ́ gba ìyá ọ̀rẹ́ òun. Báwo ni kò ṣe ní í fi owó dùùrù ránṣẹ́? Àwọn tí wọ́n máa ń wí pé àwọn òmùgọ̀ nìkan ni a ń tàn jẹ lórí ayélujára kò ronú jinlẹ̀. Àánú ni ó mú Margot, ibi tí ó sì ti ní ọgbẹ́ ni a ti fi ọwọ́ kàn án.

Ohun tí ó tú àṣírí náà kéré púpọ̀. David ṣàdédé rí ojú "Hannah" nínú ìpolówó kan. Obìnrin tí ó ni ojú náà jẹ́ ẹni tí a ń ya àwòrán rẹ̀ fún títà, kí àwọn oníṣòwò lè máa lò ó. Kò mọ Margot rí. Kò sí ọlọ́pàá kankan tí ó bi í léèrè ohunkóhun, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ obìnrin tí ó ń darí ìwádìí náà ti sọ fún David pé òun ti bá Hannah sọ̀rọ̀. Níkẹyìn a rí i pé ẹni tí ó wà lẹ́yìn àwòrán náà ni Robert, ọmọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yìí gan-an. Ó ti fẹ́ràn Margot tipẹ́, kò ní ìgboyà láti sọ ọ́ lójú rẹ̀, ó sì fi irọ́ ṣe afárá. Ní òru ọjọ́ tí ó tẹ̀ lé e dé etí adágún kan láti jẹ́wọ́, ẹ̀rù ba ọmọbìnrin náà, wọ́n jìjàkadì, ó sì já sínú ọ̀gbun. Ìyá Robert bo ọ̀ràn náà mọ́lẹ̀ nítorí ọmọ rẹ̀. Ó di ọjọ́ karùn-ún kí a tó rí Margot; omi òjò tí ó rọ̀ sínú ọ̀gbun náà ni kò jẹ́ kí ó kú.

Bí ìyá tí í ṣe ọlọ́pàá ti ń fi irọ́ bo irọ́ ní apá ìkẹyìn fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ohun tí ènìyàn lè gbà gbọ́ lọ, àwọn onísinimá sì fẹ́ràn irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó gbé eléyìí ga ju ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Robert kì í ṣe apànìyàn tí ó jókòó sínú òkùnkùn. Ọmọ ilé-ìwé bí àwọn tí ó ń ka ìwé yìí ni, ohun tí ó sì ń wá kò burú. Orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ tí ó fi wá a ni ó ṣe é ní ibi.

Àwọn Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan tí ó bá gbogbo èyí mu: ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Kì í ṣe nítorí àtisọ̀rọ̀ dídùn nìkan ni wọ́n ṣe wí bẹ́ẹ̀. Ojú a máa tú ẹnu fó. Ẹni tí ó bá ń purọ́ lójú ẹni lè wolẹ̀, ohùn rẹ̀ lè yí padà, ẹlòmíràn tí ó jókòó níbẹ̀ sì lè mọ ibi tí ó ti wá. Ní ayé àtijọ́, bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá rí ọmọbìnrin tí ó wù ú, alárenà ni yóò máa lọ, tí yóò máa bọ̀ láàrin àwọn méjèèjì, alárenà náà sì jẹ́ ẹni tí ó mọ ilé tí olúkúlùkù ti jáde wá. Àwọn òbí pẹ̀lú a ṣe ìwádìí tiwọn: ṣé kò sí àrùn burúkú nínú ìdílé náà, ṣé wọn kì í jalè, ṣé wọn kì í jẹ gbèsè? Àlejò tí ó bá wọ ìlú, a ó bi í léèrè ọmọ ẹni tí í ṣe àti ilé ẹni tí ó dé sí. Kò sí ẹni tí ó ka ìbéèrè yìí sí àfojúdi. Lórí fóònù, kò sí alárenà, kò sí agbo ilé, kò sí ẹni kẹta tí ó jókòó. Ẹnu nìkan ni ó ń sọ̀rọ̀, ojú kò sí níbẹ̀. Àwọn kan rò pé bí àwọn bá ti rí ojú ẹni náà lórí fóònù, ó parí. Èyí náà kò tó mọ́, nítorí ní ìsinsìnyí kọ̀ǹpútà lè ṣe ojú tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, ó sì lè fi ohùn ẹlòmíràn sọ̀rọ̀.

Èyí kò sọ pé ẹ̀rọ náà burú. Nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé-ìwé pa ní ọdún 2020, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti gba iṣẹ́ ilé wọn, àwọn oníṣòwò aṣọ pàápàá sì ń fi àwòrán ọjà ránṣẹ́ sí oníbàárà lórí WhatsApp. Àlejò tí ó fẹ́ kí a gba òun gbọ́ láìwádìí ni ẹni tí a ní láti ṣọ́ra fún.

Bí ẹnikẹ́ni bá wí pé Amẹ́ríkà ni irú nǹkan báyìí ti ń ṣẹlẹ̀, kí ó rántí pé ojú pópó kan náà tí ó gba ẹ̀gbẹ́ Aswani kọjá ni ènìyàn lè gbà dé ìhà Festac. Ní oṣù keje ọdún 2012, ọmọbìnrin kan tí ó ń kàwé fún oyè kejì ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Nasarawa, tí ó sì ń ta aṣọ, wá sí Èkó. Àwọn ọkùnrin tí ó mọ̀ lórí Facebook, tí wọ́n ti ń bá a sọ̀rọ̀ fún oṣù mélòó kan, ni wọ́n ṣèlérí láti ràn án lọ́wọ́ nípa ọjà tí ó fẹ́ rà. Wọ́n mú un lọ sí ilé ìtura kan ní Festac, wọ́n fi oògùn sínú ohun mímu rẹ̀, wọ́n jà á lólè, wọ́n sì pa á. Kì í ṣe ọmọdé, kì í sì í ṣe ẹni tí kò mọ̀wé. Oníṣòwò aṣọ ni, ojú rẹ̀ sì là sí ọjà. Ẹ̀rọ ayàwòrán tí ó wà ní ilé ìtura náà, àti àkọsílẹ̀ àwọn ìpè orí fóònù rẹ̀, wà lára ohun tí ó tọ́ àwọn ọlọ́pàá dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ìpínlẹ̀ Èkó dá ẹjọ́ ikú fún méjì nínú wọn. Nínú sinimá, òjò rọ̀, a sì bá ọmọ láàyè. Ní Festac kò rí bẹ́ẹ̀.

Apá kejì ọ̀ràn yìí wà tí àwọn òǹkọ̀wé kì í fẹ́ fọwọ́ kàn, nítorí ó ń ti ni lójú. Kì í ṣe àwọn ọmọ wa nìkan ni a ń tàn jẹ. Àwọn ọmọ wa pẹ̀lú ń tan ọmọ ẹlòmíràn jẹ. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, ọmọkùnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 17 ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà pàdé ọmọbìnrin kan lórí Instagram. Kò sí ọmọbìnrin kankan níbẹ̀. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì ní Èkó, tí wọn kò ju bí ọmọ ogún ọdún lọ, ni wọ́n ń fi àwòrán obìnrin sọ̀rọ̀. Wọ́n tan ọmọ náà títí ó fi fi àwòrán ìhòòhò ara rẹ̀ ránṣẹ́. Ní kété tí ó ti ṣe bẹ́ẹ̀, ohùn ìfẹ́ di ohùn olè: kí ó san dọ́là 1,000, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn yóò fi àwòrán náà han àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó san 300 tí ó ní. Wọ́n tún bèèrè sí i. Láàrin wákàtí mélòó kan, láti alẹ́ ọjọ́ náà sí ìdájí ọjọ́ kejì, ọmọ náà gba ẹ̀mí ara rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì wà nínú ilé láìmọ ohunkóhun.

Ní ọdún 2023 ni a fi àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà. Wọ́n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wọn, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ilé-ẹjọ́ sì rán olúkúlùkù wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 17 àti oṣù 6. Ọmọ náà nìkan kọ́ ni wọ́n ṣe é sí. Àwọn tí wọ́n tàn jẹ lé ní ọgọ́rùn-ún. Ní àdúgbò púpọ̀ ní Èkó, àwọn ọmọkùnrin a máa fi ojú ọlá wo ẹni tí ó ń ṣe gbájúẹ̀ lórí ayélujára nítorí ọkọ̀ tí ó gùn àti aṣọ tí ó wọ̀. Wọn a ní òyìnbó ni ó ń jà lólè, òyìnbó sì lówó. Ọmọ ilé-ìwé tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù ni ẹni tí ó kú ní Michigan. Dọ́là 300 ni gbogbo ohun tí ó ní.

Kí ni ó dé tí ọmọ náà kò fi rìn lọ sí yàrá kejì láti jí bàbá rẹ̀? Ìbéèrè yìí ni ó le jù nínú gbogbo ọ̀ràn náà, ó sì yẹ kí àwọn òbí dúró lé e lórí pẹ́. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí olùtànjẹ máa ń sọ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ dídùn ni pé, "Má sọ fún ẹnikẹ́ni." Yorùbá ka bíbo àṣírí sí ìwà rere, àdúrà wa ni pé kí Ọlọ́run bo àṣírí wa. Olùtànjẹ a mú ìwà rere yìí, a sọ ọ́ di okùn, a sì fi dè ọmọ. Ó tún mọ ohun mìíràn: ó mọ̀ pé bí ọmọ náà bá sọ ọ́, igbe ni a ó kọ́kọ́ kí i káàbọ̀ sí, a ó sì gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbẹ̀rù ilé yìí ni ohun ìjà olùtànjẹ, àwọn ará ilé ni wọ́n sì ń bá a pọ́n ọn.

Sinimá mìíràn wà tí ó fi èyí hàn kedere, Trust, tí David Schwimmer darí ní ọdún 2010. Annie, ọmọ ọdún 14, ní ọ̀rẹ́kùnrin kan lórí kọ̀ǹpútà. Ọkùnrin náà kọ́kọ́ ní ọmọ ọdún 16 ni òun. Nígbà tí ó yá, ó di 20. Nígbà tí ó tún yá, ó di 25. Àgbàlagbà tí ó ti kọjá 30 ni Annie bá pàdé nígbẹ̀yìn, ó sì bà á jẹ́. Ìbínú bàbá Annie pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń lé ọ̀daràn náà kiri tọ̀sán-tòru, kò sì rí àyè jókòó ti ọmọ tí a ṣe léṣe. Sinimá náà nira láti wò. Kì í ṣe fún àwọn ọmọ kékeré.

Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ọmọ tí irú nǹkan yìí bá dé bá kò gbọdọ̀ san owó, nítorí ẹni tí ó bá gba 300 yóò tún padà wá. Kò sì gbọdọ̀ pa àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti bá ara wọn sọ rẹ́, bí ó ti wù kí ojú tì í tó. Àkọsílẹ̀ orí fóònù ràn ìwádìí Festac lọ́wọ́. Òbí, olùkọ́, tàbí àgbàlagbà kan tí ó fọkàn tán ni kí ó mú fóònù náà tọ̀ lọ ní ọjọ́ náà gan-an, kí ilẹ̀ tó ṣú. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2015 nípa ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ka á sí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá kí ẹnikẹ́ni máa fi kọ̀ǹpútà tàbí fóònù fa ọmọdé lọ sí ìṣekúṣe, tàbí kí ó máa pín àwòrán ìhòòhò ọmọdé kiri. Ẹni tí a tàn jẹ kọ́ ni òfin náà ń wá. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, àjọ kan wà tí ìjọba dá sílẹ̀ fún ọ̀ràn ìwà ipá nínú ilé àti ìfipábánilòpọ̀. Ọmọdé lè mú ẹjọ́ irú èyí lọ bá wọn, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá wá.